Ọwọ́ Tó Ń Fa Okùn Agogo

Ẹni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ti gbọ́ agogo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ láàárọ̀ Sánńdè. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ló ń lù ú, àwọn mìíràn ní ó kàn ń dún láìlétò ni. Mo wà lára àwọn tó ń fa okùn rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé èèyàn ló wà nídìí okùn kọ̀ọ̀kan, ìró kọ̀ọ̀kan ló sì ní àyè tirẹ̀.

A de agogo kọ̀ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́ onígi ńlá kan. Okùn yí kẹ̀kẹ́ náà ká, ó sì gba inú ihò àjà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ká tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti fì í títí ẹnu rẹ̀ á fi kọjú sókè. Bí mo bá wá fa okùn díẹ̀, agogo tó wúwo ju ọkùnrin mẹ́fà lọ á ré bọ́, á yí po, á dún lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ á tún kọjú sókè. Agbára kọ́ la fi ń ṣe é, ìfarabalẹ̀ ni. Òwú irun àgùntàn aláràbarà kan wà lára okùn, òun là ń dì mú. Bí mo bá ti fà á, mo gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ kó fò lọ sókè, kí n sì hán an nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹni tí kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, okùn lè gbé e kúrò nílẹ̀.

Nítorí ìwúwo yìí, agogo kò ṣe é kù gììrì mọ́. Ohun tó lè ṣe kò ju kó bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ ipò lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọnà wa ti ṣẹ̀ wá. Bí agogo bá jẹ́ mẹ́ta, bá a ṣe máa lù ú nìyí: 123, 213, 231, 321, 312, 132, ká tó padà sí 123. Ètò kankan kò wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Agogo mẹ́fà ní ètò 720, méje ní 5,040. A kì í gbé ìwé síwájú. Inú orí ni gbogbo rẹ̀ wà, ojú á máa ṣọ́ okùn ẹlòmíràn, etí á máa tẹ́lé ìró.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti wà. Fabian Stedman, tó jẹ́ òǹtẹ̀wé, gbé ìwé *Campanalogia* jáde lórí rẹ̀ ní 1677. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1715, wọ́n lu ètò 5,040 náà tán pátá ní ṣọ́ọ̀ṣì St Peter Mancroft ní Norwich, ó sì gbà wọ́n ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ní Loughborough lọ́dún 1963, èèyàn mẹ́jọ lu ètò 40,320 fún nǹkan bíi wákàtí méjìdínlógún, láìsí ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Agogo márùn-ún tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Lawrence ní Ipswich ti wà láti àwọn ọdún 1400, wọ́n ṣì ń dún. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù Kẹfà 1940, ìjọba pa gbogbo agogo ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu mọ́: wọn ò gbọ́dọ̀ dún àfi bí ọ̀tá bá ya wọ̀lú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀gá olóhùn gooro láàárín wa. Bí ẹnì kan bá ṣìnà, gbogbo wa ló bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Bó bá gún régé, gbogbo àdúgbò ló gbádùn rẹ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lè dá dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n agogo tí kò rí ọwọ́ tí yóò fà á, irin lásán ni.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, ẹ má kàn máa gbọ́ ọ kọjá. Ẹ béèrè alẹ́ tí wọ́n máa ń dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín, kẹ́ ẹ sì lọ bá wọn. Wọ́n á kọ́ yín tayọ̀tayọ̀, nítorí okùn pọ̀ ju ọwọ́ lọ.