Ẹni Tó Kù Ló Ń Pidán

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kámẹ́rà kì í pariwo "Ẹ dúró!" ní lokéṣọ̀n. Ẹni tó bá wà nídìí fíìmù Yorùbá láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Nígbà náà, bí babaláwo inú eré bá fẹ́ pòórá, olùdarí á kígbe pé kí gbogbo èèyàn dúró, oníkálukú á gan sójú kan, babaláwo á yọ́ kúrò níwájú kámẹ́rà, eré á sì máa lọ. Wọ́n á wá fi èéfín àti ìró ààrá bo ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa tí à ń wò ó nílé kò kúkú bá wọn jà. A rí fìlà tó ṣàdédé yí padà lórí ẹni tó jókòó, a rí òjìji igi tó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, a ṣì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá mi kì í pàtẹ́wọ́. Wọ́n á pòṣé, wọ́n á ní, "Wọ́n gé e mọ́ wa lójú."

Ọ̀rọ̀ wọn kò kúrò lọ́kàn mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, nítorí fíìmù kan tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi owó àjọ ṣe, pẹ̀lú èyí tí a bá rí nídìí fídíò ìgbéyàwó tí a ń ká ní Sátidé. Eré apanilẹ́rìn-ín ni. Akọni rẹ̀ ní agbára àràmàǹdà, ṣùgbọ́n kì í fò, kì í fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, òun àti ọ̀rẹ́ méjì ló ń gbé yàrá kan ní Bárígà, ₦77,000 tí ìjọba ń san fún un lóṣù sì ti dáwọ́ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi í nípa ọ̀la rẹ̀, yóò pòórá. Kò lọ ibì kankan o. Láìpẹ́, yóò tún yọ lórí àga kan náà, ìbéèrè náà ṣì ń dúró dè é. Àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ n'Ísẹ́yìn ló ti kọ́kọ́ ṣe é, lórí ìlà, ní ìdájí, nígbà tí sójà kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ayé rẹ̀ dà. Sójà náà rò pé ó sá ni.

Bí éjẹ́ǹtì ṣe jẹ àwọn ọmọ náà lówó, bí wọ́n ṣe ń pín ìṣáná àti gààrí, n kò ní fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti jẹ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún rí l'Ékòó ti mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe ń to iná, bí a ṣe ń gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kò fi ní mì, ìyẹn náà kò ṣòro. Ìpòórá nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Ìran tí mo fẹ́ràn jù ni ti ibi tó ti lọ wáṣẹ́. Èèyàn mẹ́ta jókòó sí iwájú rẹ̀ nídìí tábìlì. Ìyáàfin tó wà láàárín bi í pé níbo ló rí ara rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i. Ó pòórá.

Bí ẹ bá ní kí wọ́n gan, ẹ ti bà á jẹ́. Ẹni tó gan sójú kan, bó bá tún fẹ́ mira, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń lọ geere á dúró, á tún wá gbéra. Olùwòran lè má mọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ara á fu ú, bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì. Nítorí náà ni ọ̀gá mi kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró. Wọ́n á ní kí ìyáàfin ṣe gbogbo rẹ̀ tán pátá: kó tún jígí ojú rẹ̀ ṣe, kó béèrè ìbéèrè, kó nawọ́ mú bírò, kó kọ nǹkan sílẹ̀, ọmọkùnrin ṣì wà lórí àga. Lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin á dìde, á lọ mumi. Ìyáàfin á padà sẹ́yìn, kì í ṣe sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, bí kò ṣe sí ibi jígí, kí ìbéèrè tó jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá, á sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe sí àga òfìfo. Nígbà tí a bá wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú, tó ti kúrò nílẹ̀ tí kò tíì kan bírò, ni a ó gé e. Ọwọ́ gbéra nígbà tí ọmọkùnrin wà níbẹ̀, ó balẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú olùwòran bá ọwọ́ lọ. Kó tó padà dé, àga ti ṣófo.

Àwòrán 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan bí a ṣe ń ká a níbí. Nínú 25 yẹn, díẹ̀ ló ṣeé gé sí. Àwọn kan máa ń gé e níbi tí ọwọ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, torí pé ibẹ̀ ni àwòrán ti mọ́ kedere, tí méjèèjì bára mu. Mímọ́ kedere náà gan-an ló ń tú àṣírí. Ibi tí ọwọ́ ti ń yára jù ni kí ẹ wá, níbi tí àwòrán rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, tí ẹ kò lè ka ìka. Méjì kò ní bára mu níbẹ̀, kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Gbogbo rẹ̀ wá dúró lórí ohun kan: ǹjẹ́ ẹni tó kù lè ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Èyí ló mú mi rántí agbo ilé kan n'Íbàdàn, nígbà tí mo ṣì ń ru àpótí bátìrì. Òkú kan ni yóò pòórá lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláàkàrà. Òṣèrébìnrin tí wọ́n mú wá mọ eré ṣe dáadáa, orúkọ rẹ̀ wà lára pósítà, ṣùgbọ́n bó bá da àkàrà sínú epo lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì á yàtọ̀: ọwọ́ á ga jù, tàbí kó wo ojú kámẹ́rà. Ọ̀gá mi kò bá a wí. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n jáde sí títì, nígbà tí wọ́n máa padà dé, aláàkàrà gidi ló tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú igbákọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá náà kò béèrè ohun tí eré dá lé lórí. Ó jókòó, ó bu, ó dà á, ó bu, ó dà á. Ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ kò lè mọ èyí tó ṣáájú. Ọ̀gá mi ní ẹni tó ti fi ọwọ́ kan náà jẹun fún ogún ọdún kò lè ṣe é lọ́nà méjì, bó tilẹ̀ fẹ́. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń wá ẹni tí yóò jókòó ti ìpòórá, n kì í béèrè fíìmù tó ti ṣe. Mo máa ń béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyáàfin tó bi akọni wa ní ìbéèrè yẹn, aránṣọ ni.

Àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe náà ńkọ́, àwọn méjì tó jókòó lọ́tùn-ún lósì? Ojú wọn ni iṣẹ́ wà. Bí ẹnìkan bá dìde níwájú yín, ojú yín á tẹ̀ lé e, ẹ kò lè ṣe é tì. Ọ̀gá mi máa ń fi ẹfun ṣe àmì kékeré sára ògiri lẹ́yìn orí ẹni tí yóò pòórá. Àmì yẹn ni àwọn méjì náà ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò wo ojú ẹni náà rárá. Bó bá lọ, ojú wọn ṣì wà níbi tí imú rẹ̀ wà. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé itọ́ mì. Ìwọ̀n ìgbà tó yẹ kó kọjá kí èèyàn tó gbà pé àga tó wà níwájú òun ti ṣófo nìyẹn. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù ni wọ́n ń fi hàn. Bó bá pẹ́ jù, adùn àwàdà ti lọ. Ẹ̀rín wà ní ibi gbígbé itọ́ mì.

Níbo ni ọ̀gá mi ti kọ́ ìyẹn? Kì í ṣe nídìí kámẹ́rà. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n bá ẹgbẹ́ eléré alárìnjò kan lọ, tí wọ́n ń bá wọn di ẹrù sọ́kọ̀. Lórí pèpéle, kò sẹ́ni tó lè gé nǹkan kan, ojú àwọn tó kù ló gbọ́dọ̀ sọ fún èrò pé ẹnìkan ti pòórá. Àwọn eégún onídán ti mọ èyí kí sinimá tó wáyé. Ní 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, jókòó wo eré l'Ọ́yọ̀ọ́-Ilé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé erè ńlá kan ti inú àpò jáde níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn erè, ta ló yọ? Òyìnbó, funfun báláú, gbígbẹ, tí òtútù ń mú, tó ń fín áṣáà. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Idán àti yẹ̀yẹ́ lórí pápá kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń sọ fún mi pé láti Amẹ́ríkà la ti yá eré akọni alágbára tó ń pani lẹ́rìn-ín, kó lọ ka ìwé Clapperton.

Ní ti sinimá, ọ̀gá mi wo Ayé tí Hubert Ògúnǹdé gbé jáde ní 1979, wọ́n tún wo Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ní 1982. Ọlá Balógun ló darí méjèèjì. Ti Bàbá Sàlá ni wọ́n máa ń sọ jù, eré ọkùnrin tí òwò rẹ̀ wó tí wàhálà owó fi lé e dé ọ̀run. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti jẹ èrè eré náà mọ́ ẹni tó ṣe é lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á dópin, wọ́n á ní ká lọ palẹ̀ wáyà mọ́.

Méliès, òyìnbó Faransé tó ń fi sinimá pidán, ní tirẹ̀ sọ pé ní Paris, ní 1896, kámẹ́rà òun há nígbà tí òun ń ká àwọn ọkọ̀ ní gbàgede Opéra, pé nígbà tí òun wo àwòrán náà, ọkọ̀ èrò ti di ọkọ̀ òkú. Ìtàn yẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé nígbà tó yá, kò fi í mọ sí dídá kámẹ́rà dúró: àwọn tó yẹ fíìmù rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún rí ibi tó ti fi ọ̀bẹ gé e tó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ìgbésẹ̀ lè bára mu. Baba àwọn oníṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé "Ẹ dúró!"

Ní báyìí, ọmọ kan lára wa yọ fóònù rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ ká ká a lẹ́ẹ̀kan, mo máa fi áàpù pa á rẹ́ nílé." Ó pa á rẹ́ lóòótọ́. Àga náà yọ ẹsẹ̀ karùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi ti àga sílẹ̀, wọ́n á tún áàpù náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ á pé mẹ́rin. Ohun tó bí mi nínú ni pé àwọn mẹ́ta tó kù ń wo èèyàn. Ọmọkùnrin wà níwájú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ojú wọn rọ̀ bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbé itọ́ mì. Áàpù ló fi òfìfo síwájú wọn nígbà tí wọ́n ti wọ danfo lọ sílé. Kò sí áàpù tó lè tún ìyẹn ṣe, torí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni.

Kì í ṣe fóònù ni mo ń bá jà. Àwọn ọ̀dọ́ The Critics Company ní Kàdúná fi fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sára ògiri, wọ́n fara da àìsí iná, iṣẹ́ wọn sì dé etí gbogbo ayé ní 2019. Sùúrù wọn ni mo ń wò. Ẹni tó ní kí a lọ tún un ṣe nílé kò ní in. Ohun tí mo ń sọ yìí kò tilẹ̀ ná ni lówó ju kí èèyàn ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Nígbà tí a gé ìran ìwáṣẹ́ yẹn tán, mo wò ó títí n kò rí ojú ibi tí mo ti gé e, èmi tí mo gé e. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí WhatsApp. Ohùn wọn padà dé lálẹ́. Wọn kò dárúkọ ọmọkùnrin, wọn kò béèrè bó ṣe pòórá. Wọ́n ní, "Ìyá yẹn dáa. Ẹ san owó rẹ̀ pé."

A san án pé. Ìran kan ló kù wá kù báyìí, èyí tí ìyá akọni wa ti béèrè ìgbà tí yóò mú ìyàwó wálé, nídìí agbada epo. Òṣèré tí a ti dán wò pọ̀, eré ni gbogbo wọn ń ṣe. Aláàkàrà gidi la ń wá, láàárín Bárígà sí Ṣómólú, ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan wà, a ó sì ra gbogbo àkàrà tó bá dín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ bá wa sọ fún un.