Ìpíndọ́gba Nìkan Kò Tó: Àríwísí lórí Bí A Ti Ń Ka Máàkì Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Kò sí olùkọ́ tí yóò jiyàn sí òwe yìí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò bá parí tí a sì fẹ́ ròyìn iṣẹ́ kíláàsì, ńṣe ni a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ìka ti di ọgbọọgba. A ó ro gbogbo máàkì pọ̀, a ó pín in sí iye orí akẹ́kọ̀ọ́, a ó sì kéde nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò pé, pé àìpé rẹ̀ a máa ṣi ìdájọ́ gbé, àti pé irinṣẹ́ tí a lè fi tún un ṣe kò kọjá ìṣirò tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe.

Ẹnìkan lè bi wá léèrè pé kí ni ìṣirò já mọ́ fún ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Èsì wa ni pé àwa náà ń ṣe ìdánwò, a sì ń fi máàkì yan ẹni tí yóò tẹ̀síwájú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, orí máàkì ni a gbé àríyànjiyàn lórí fífi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ kà. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ka máàkì kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìpíndọ́gba ń bò mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo kíláàsì mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Máàkì kíláàsì A ni 46, 48, 50, 52 àti 54. Ti kíláàsì B ni 20, 35, 50, 65 àti 80. Ti kíláàsì D ni 20, 50, 50, 50 àti 80. Àròpọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250, ìpíndọ́gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 50. Bí a bá dúró níbẹ̀, ìbẹta ni àwọn kíláàsì yìí.

Ẹni tí ó bá wọ inú wọn láti kọ́ni yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ìbẹta rárá. Olùkọ́ kíláàsì A lè fi ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ gbogbo wọn. Olùkọ́ kíláàsì B kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí ó bá kọ́ni ní ìwọ̀n ẹni tí ó gba 20, ẹni tí ó gba 80 yóò máa tòògbé, bí ó bá sì kọ́ni ní ìwọ̀n ẹni tí ó gba 80, ẹni tí ó gba 20 yóò sọnù pátápátá. Ìyàtọ̀ náà wà nínú bí máàkì ti fọ́n ká sí. Èyí ni a ó máa pè ní ìfọ́nká.

Àlàfo, àti àlébù rẹ̀

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti wọn ìfọ́nká ni kí a yọ máàkì tí ó kéré jù kúrò nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Àlàfo tí a ó rí nínú kíláàsì A jẹ́ 8. Nínú B, 60. Nínú D, 60. Ó ti fi hàn pé A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kò lè ya B sọ́tọ̀ kúrò lára D, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni mẹ́ta nínú D wọ́ jọ sí ojú kan náà. Ohun tí ó fà á ni pé ẹni méjì péré ni àlàfo ń bi léèrè ọ̀rọ̀: ẹni tí ó wà ní iwájú pátápátá àti ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn. Bí àìsàn bá kọlu ọmọ kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo kíláàsì ni àlàfo yóò sọ̀rọ̀ òdì sí.

Àwọn onímọ̀ kan gbìyànjú láti yẹra fún àlébù yìí. Francis Galton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀nà mìíràn lárugẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: kí a to máàkì láti orí kékeré dé orí ńlá, kí a gé ìdá kan nínú mẹ́rin sọnù ní ìhà méjèèjì, kí a sì wọn ohun tí ó kù láàárín. Nínú kíláàsì B, àárín náà bẹ̀rẹ̀ láti 35 dé 65, èyí tí í ṣe 30. Nínú D, ó bẹ̀rẹ̀ láti 50 dé 50, èyí tí í ṣe òfo. A rí i pé ọ̀nà yìí dára nígbà tí a kò bá fẹ́ kí ẹni kan ṣoṣo ba ìròyìn jẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé kò sí ìfọ́nká kankan nínú D, nígbà tí ẹni tí ó gba 20 jókòó níbẹ̀ tí ó ń wò wá. Àlàfo ń gbọ́ ti àwọn tí ó wà létí nìkan. Èyí sì kọ etí dídi sí wọn.

Ìyapa: ọ̀rọ̀ gbogbo wọn

Ohun tí a ń wá ni òṣùwọ̀n tí yóò bi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jìnnà sí àárín tó. Èyí kò ṣàjèjì sí èdè wa rárá. Ẹ wo bí a ti ń pe máàkì kíláàsì A: mẹ́rìndínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́ta, àádọ́ta, méjìléláàádọ́ta, mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nínú orúkọ nọ́ńbà wọ̀nyí gan-an ni a ti sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dín sí àádọ́ta tàbí tí ó fi lé e.

Bí a bá ro dídín àti lílé pọ̀, òfo ni a ó rí, nítorí ọ̀kan yóò pa èkejì rẹ́. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà yọ nínú ìṣòro yìí. Èkíní ni kí a má ka dídín tàbí lílé sí, kí a wo jíjìnnà nìkan. Ìpíndọ́gba jíjìnnà yìí jẹ́ 2.4 nínú A, 18 nínú B, àti 12 nínú D. Níkẹyìn, B àti D ti yàtọ̀ síra.

Èkejì ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò jù: kí a fi ìyapa kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a wá ìpíndọ́gba wọn, kí a sì wá nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ìpíndọ́gba náà ni yóò fún wa. Nínú A, 16, 4, 0, 4 àti 16 jẹ́ 40; a pín in sí 5, ó jẹ́ 8; nọ́ńbà tí a ń wá sì jẹ́ 2.83. Nínú B, ó jẹ́ 21.21, nínú D, 18.97. Èyí ni a ó pè ní òṣùwọ̀n ìyapa. Karl Pearson ni ó fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Ní 1918, Ronald Fisher fún nọ́ńbà tí a rí kí a tó dé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, bíi 8 nínú A, ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Òṣùwọ̀n yìí náà kò ṣàìní àléébù. Ní ọ̀nà kìíní, ìfọ́nká D jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ti B. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí ni pé sísọ di púpọ̀ a máa fún ẹni tí ó jìnnà ní ohùn tí ó ga ju ti àwọn yòókù lọ. Bákan náà, bí ọmọ márùn-ún náà bá jẹ́ àyẹ̀wò tí a fi ń ṣojú fún ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn, 4 ni a ó fi pín dípò 5, òṣùwọ̀n ìyapa B yóò sì di 23.72. Olùwádìí tí kò bá sọ èyí tí ó lò nínú méjèèjì kò tíì jíṣẹ́ tán.

Bí a ti ń ro máàkì pọ̀

Ìjàm̀bá tí ó súnmọ́ wa jù ni ti ríro máàkì iṣẹ́ méjì pọ̀. Ká ní ìpíndọ́gba iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ 50, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ìyapa èkíní jẹ́ 4, ti èkejì sì jẹ́ 20. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìlọ́po méjì òṣùwọ̀n ìyapa ta àárín yọ nínú iṣẹ́ èkíní, ó gba 58; ó fi ìdajì òṣùwọ̀n ìyapa dín nínú èkejì, ó gba 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 98. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ṣe ìdàkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́: ó gba 48 nínú èkíní, ó gba 90 nínú èkejì. Àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 138. Àwọn méjèèjì yọrí láàárín ẹgbẹ́ wọn ní ìwọ̀n kan náà, síbẹ̀ 40 ni ó wà láàárín wọn. A sọ pé iṣẹ́ méjèèjì dọ́gba ní agbára; irọ́ ni. Iṣẹ́ tí máàkì rẹ̀ fọ́n ká jù ni ó ń yan ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa yẹ ìwé àròkọ lítíréṣọ̀ wò mọ̀ pé a máa ń bẹ̀rù láti fún ẹnikẹ́ni ní 75, a kì í sì í fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní 25. Àṣà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí dà bí ìwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ohùn lẹ́nu iṣẹ́ tiwa nígbà tí a bá ro ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí a ti ń fi 90 tọrẹ.

Ẹ̀rí Ifẹ̀ àti ìkéde 2025

Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ̀wọ́ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀wọ́ kejì yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ẹnu sọ ọ́ pé ọ̀wọ́ kìíní ṣe dáadáa jù, a ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí kíláàsì B kí a tó gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹ̀kọ́ tuntun bá gbé ẹni tí ó gba 20 dé 50, ìpíndọ́gba yóò di 56, òṣùwọ̀n ìyapa yóò sì wálẹ̀ sí 15.30. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó gba 65 ni ó gbé dé 75, tí ó sì gbé ẹni tí ó gba 80 dé 100, 56 náà ni ìpíndọ́gba, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ìyapa yóò gòkè dé 28.53. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gba ọmọ tí ó ń rì là. Èkejì fi kún ọrọ̀ olówó. Àwa tí a sọ pé èdè abínibí kò ní jẹ́ kí ọmọ kankan sọnù, ìfọ́nká ni ẹ̀rí wa, kì í ṣe ìpíndọ́gba.

Ìwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ẹni tí ó takò wá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé àwọn fagi lé e, wọ́n sì tọ́ka sí ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ẹkùn kan. Ṣùgbọ́n ẹkùn kì í ṣe ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní olùkọ́ àti èyí tí kò ní wà nínú ẹkùn kan náà. Bí ìfọ́nká inú ẹkùn kan bá ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹkùn méjì lọ, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń dá èdè lẹ́bi lé lórí.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé kí a sọ ìpíndọ́gba nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò sì sọ pé ìfọ́nká ń sọ ohun tí ó fa ara rẹ̀: ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ìbéèrè tí ó le jù, ó lè jẹ́ ebi. Ohun tí a ń bèèrè kò ju nọ́ńbà mẹ́ta lọ nínú ìròyìn ìdánwò gbogbo, títí kan ti ẹ̀ka tiwa: iye akẹ́kọ̀ọ́, ìpíndọ́gba wọn, àti òṣùwọ̀n ìyapa wọn. Bí a bá sì fẹ́ ro iṣẹ́ méjì pọ̀, kí a kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n ìyapa mú wọn dọ́gba. A mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. Iṣẹ́ wa ni láti sọ iye tí èyí fi gùn ju èyí lọ, kí a tó gé òrùka fún wọn.