Bí A Bá Ń Jà, Bíi Ká Kú Kọ́: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Michael Walzer

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka Just and Unjust Wars, ìwé tí Michael Walzer, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1977. Ó ti tako ogun tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbé lọ sí Vietnam, àríyànjiyàn orí ogun náà ló sì bí ìwé yìí.

Ohun tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ya ìdí ogun sọ́tọ̀ kúrò lára bí a ṣe ń jà á. Ẹni tí wọ́n wá ká mọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti jà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti pa ìyá àti ọmọ tí kò gbé ìbọn. Walzer ní kò tó kí sójà sọ pé òun kò ní wọn lọ́kàn. Ó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ wewu kí ikú wọn lè dín kù. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá a jiyàn ni àyè tó fi sílẹ̀. Ó ní bí ìparun pátápátá bá dojú kọ orílẹ̀-èdè, a lè rú òfin yìí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni bọ́ǹbù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù sórí àwọn ìlú Jámánì nígbà tó dà bí ẹni pé Hitler yóò borí. Òun náà gbà pé nígbà tí ewu yẹn kọjá, àwíjàre tán. Ìparun Dresden ní oṣù kejì ọdún 1945, tó pa nǹkan bí 25,000 ènìyàn, kò ní àwáwí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ewu ti kọjá? Ẹni tó ń ju bọ́ǹbù náà ni. Kò sì sí ọ̀gágun tí kì í pariwo pé ilé òun ń jó.

Lójú tèmi, àròkọ rẹ̀ ti ọdún 1973 lórí ọwọ́ tó dọ̀tí jinlẹ̀ ju èyí lọ. Níbẹ̀, olóṣèlú lè ṣe ibi nítorí ire ìlú, síbẹ̀ ibi náà kò di rere. Ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sábà sí ẹni tí yóò fìyà jẹ ẹ́. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, àròkọ yìí ni n ó kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kà, kí ìwé ńlá náà tó tẹ̀ lé e.