Nígbà tí ẹ̀rọ gba ìjókòó ìlù

Kì í ṣe ẹni tó mọ gìtá ta nìkan ló lè dá orin lẹ́jọ́. Ẹni tó ní etí, tó sì gbọ́ èdè, lè sọ pé: "Èyí dára, èyí kò dára," kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí orin King Sunny Adé, ọba orin jùjú.

Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo orin rẹ̀ kan jáde fún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Orúkọ àwo náà ni Juju Music. Bob Marley, olórin ńlá wọn, ti kú ní 1981. Wọ́n ń wá olórin mìíràn tí gbogbo ayé yóò gbọ́. Àwo náà dára púpọ̀. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá jó sí i. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983.

Kí ló mú kí orin náà dùn? Olórin ń sọ̀rọ̀, ìlù gángan ń dá a lóhùn. Ẹ rántí àmì ohùn tí a ń kọ́. Ọkọ́ ni a fi ń roko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí ọjà. Ọkọ ni ẹni tó gbé ìyàwó. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yàtọ̀. Ìlù kò lè pe lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó lè lu ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí onílù fi lè ki ènìyàn, tí onítọ̀hún yóò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì.

Ní 1984, àwo kẹta dé. Aura ni orúkọ rẹ̀. Stevie Wonder, olórin Amẹ́ríkà, fọn fèrè kékeré nínú rẹ̀. Fèrè náà dùn, n kò bá a wí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ìlù ni mo bá wí. Bákan náà ló ń dún ṣáá. Kì í mí, kì í dúró gbọ́ ohun tí olórin wí. Gángan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí bàbá àgbà tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀yìn ilé nígbà tí àlejò dé.

Ẹ lè bi mí pé: "Ṣé kí olórin má yí orin rẹ̀ padà mọ́ ni?" Rárá o. Jùjú ti ń yí padà tipẹ́. Nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó ní nǹkan bí 1930 sí 1939, kò sí gángan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hitler ni gángan wọlé. Sunny fúnra rẹ̀ mú gìtá Amẹ́ríkà kan wọ inú rẹ̀, èyí tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí a ń fi irin fà lórí okùn. Kò ba orin jẹ́. Àlejò tó bá gbọ́ èdè ilé, onílé ni yóò dà. Ẹ̀rọ inú Aura kò gbọ́ èdè ilé, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi sí iwájú.

Èrè wo ni wọ́n rí níbẹ̀? Ẹni tó fẹ́ràn jùjú kò rí i tó. Ẹni tó fẹ́ràn orin ẹ̀rọ ti ní tirẹ̀ nílé. Lẹ́yìn Aura, Island àti Sunny pínyà. Ṣùgbọ́n Sunny kò parí síbẹ̀. Nínú Odù, àwo tó jáde ní 1998, ìlù padà sí ìjókòó rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àwo ti 1982 àti ti 1984, ẹ gbọ́ wọn tẹ̀ léra. Ẹ má gbọ́ orin nìkan. Ẹ wá ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti kọ ohun tó wí sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Àwo tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ ìlù kọ, ẹ óò mọ̀ pé òun ló dára jù.