Ilé Àdúrà Tí Kò Ní Ìjọ: Iṣẹ́ Ọwọ́ William Hosking ní Itẹ́ Abney Park

Bí a bá gba ẹnu-ọ̀nà ńlá tó wà ní Stoke Newington High Street wọ itẹ́ òkú Abney Park, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, igi ni a ó kọ́kọ́ rí. Igi, ìtàkùn tó lọ́ mọ́ òkúta, ibojì tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà tí a bá rìn dé àárín ni ilé kan yóò ṣàdédé yọ: ilé bíríkì tó ga, tó ní fèrèsé róbótó tí wọ́n fín bí òdòdó, tó sì ní ilé gogoro tí ṣóńṣó rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 120. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò yà á sí mímọ́, kò ní àlùfáà, kò ní ìsìn ọjọ́ Àìkú. Òkú ni wọ́n kọ́ ọ fún, wọ́n sì kọ́ ọ kí ìjọ kankan má baà lè sọ pé tòun ni.

Ohun tó mú mi kọwé nípa rẹ̀ nìyẹn. Ìṣòro tí wọ́n gbé síwájú ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ le: kí ó kọ́ ilé tí aláìgbàgbọ́ pàápàá yóò rí tí yóò mọ̀ pé ilé ọ̀wọ̀ ni, síbẹ̀ tí Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kò ní rí àmì ara wọn tàbí àmì ọ̀tá wọn lára ògiri rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àyíká àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Lọ́ńdọ̀nù ti kún fún òkú débi pé wọ́n ń sin òkú lé òkú lórí. Àrùn onígbáméjì jà ní 1832. Àwọn oníṣòwò wá dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ láti ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Láàárín 1833 sí 1841, itẹ́ ńlá méje ló ti wà. Kensal Green ló ṣíwájú. Níbẹ̀, ilé àdúrà méjì ni wọ́n kọ́: ti Ìjọ Áńgílíkà wà láàárín gbùngbùn, ti àwọn tó ya kúrò lára ìjọ náà wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, lórí ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù kò yà sí mímọ́. Ìyapa tó wà láàárín àwọn alààyè bá wọn dé inú ilẹ̀. Nígbà tí òfin sì wá gba àwọn ìlú láàyè láti máa dá itẹ́ tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn 1850, irú èrò yìí náà ni ọ̀pọ̀ tẹ̀ lé: ilé àdúrà méjì tó jọra bí ìbejì.

Abney Park kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùyapa fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, lọ́yà kan tó ń jẹ́ George Collison ló sì ń darí ètò náà. Wọn kò gba òfin lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọn kò ké sí bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣí i ní oṣù Karùn-ún 1840 fún ẹnikẹ́ni tó bá kú, ìjọ yòówù kó máa lọ. Ilẹ̀ náà ní ìtàn tó bá èrò wọn mu. Ibẹ̀ ni ilé Lady Mary Abney wà, níbi tí Isaac Watts ti jẹ́ àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún, Watts kan náà tí orin rẹ̀ kún inú ìwé orin tí àwọn ìjọ Yorùbá ń lò títí dòní. (Ère rẹ̀, tí E. H. Baily gbẹ́ ní 1845, dúró sí tòsí ilé àdúrà, ṣùgbọ́n itẹ́ òkú Bunhill Fields ni wọ́n sin ín sí ní 1748. Ẹni tó bá ń wá ibojì rẹ̀ ní Abney Park, ère ni yóò bá.)

William Hosking ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ayàwòrán-ilé ni, ó sì tún jẹ́ ẹnjinníà tó ti ṣe iṣẹ́ ojú irin. Ní ọdún tí itẹ́ náà ṣí gan-an ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College. Ìrònú ẹnjinníà hàn nínú ètò ilé náà. Apá mẹ́rin ilé jọ ara wọn ní gígùn, wọ́n yọ láti àárín kan, kò sí èyí tó ga lọ́lá ju èkejì. Yàrá kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo òkú. Ní Kensal Green, ibi tí wọ́n gbé pósí rẹ wọ̀ ti sọ ìjọ tí o ń lọ. Níbí, kò sọ nǹkan kan. Lójú tèmi, èyí ni iṣẹ́ ọnà tó ga jù lára ilé yìí, ó sì ju ilé gogoro tí gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò lọ: àríyànjiyàn ọgọ́rùn-ún ọdún ni Hosking fi ètò ìsàlẹ̀ ilé parí.

Ara òde ni mo ti fẹ́ bá a jiyàn. Gọ́tíìkì ló yàn, ọnà tó jẹ́ ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ayé àtijọ́. Ní àkókò kan náà, Pugin, ayàwòrán-ilé tó ti di Àgùdà, ń wàásù pé Gọ́tíìkì ni ìgbàgbọ́ Kristẹni fúnra rẹ̀. Pugin yìí ló fi ẹnu-ọ̀nà itẹ́ tí wọ́n ṣe bíi ti Íjíbítì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé kan ní 1843, irú ẹnu-ọ̀nà tí Abney Park náà ní. Hosking mú Gọ́tíìkì bí ẹni mú aṣọ: ó wọ̀ ọ́ nítorí pé ó yẹ ọ̀fọ̀. Títí ibẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ilé gogoro wá ṣe níbẹ̀? Àwọn olùyapa kì í kọ́ ilé gogoro nígbà náà. Ilé ìpàdé Newington Green, tí wọ́n kọ́ ní 1708, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó yóò rí pé kò ní ilé gogoro rárá. Àwọn baba wọn fi ilé rírẹlẹ̀ sọ pé àwọn kò sí lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ wá rówó, wọ́n dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n sì yá fìlà ẹni tí baba wọn bá jà. Kò sí àmì ìjọ lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíga náà ń fọ èdè Áńgílíkà.

Ibi tí ọwọ́ Hosking ti tún dán ni àbáwọlé. Ó fi àjà olókùúta bo iwájú ilẹ̀kùn, kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó gbé òkú lè wọ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ pósí kalẹ̀, kí òjò Lọ́ńdọ̀nù má pa ọlọ́fọ̀. Ó mọ̀ pé ilé tí ènìyàn kì í pẹ́ nínú rẹ̀ ni òun ń kọ́. Òkú kan wọlé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé e jáde. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí bàbá kọ́ ni bàbá ń sùn sí, ibojì rẹ̀ sì lè wà ní yàrá tàbí lẹ́yìnkùlé, tí àwọn ọmọ ń gbálẹ̀ yí i ká. Ilé Hosking kò ní ọmọ tó ń gbálẹ̀. Àlejò ni gbogbo àwọn tó gbà.

Àwọn àlejò náà kò sì kéré: nǹkan bí 200,000 ni wọ́n sin sí itẹ́ náà. Joanna Vassa, ọmọ Olaudah Equiano, ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ lóko ẹrú, wà níbẹ̀ láti 1857. Thomas Caulker, ọmọ ọba Bompey ní ilẹ̀ Sàró, náà wà níbẹ̀. William àti Catherine Booth, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà sílẹ̀, sùn síbẹ̀ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn Olympia ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìdágbére Booth ní 1912. Ìjọ tó bá ní èrò ní ibi tirẹ̀.

Ìdí tí ilé náà fi bàjẹ́ kò ṣòro láti rí. Títa ilẹ̀ ibojì ni kọ́ńpìnnì fi ń jẹun. Bí ilẹ̀ ṣe ń kún ni owó ń gbẹ, nígbà tó yá wọ́n tilẹ̀ ń gbẹ́ ibojì sójú ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1970, kọ́ńpìnnì náà dojú dé, itẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Hackney. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé àdúrà pa. Fèrèsé fọ́, iná jó inú rẹ̀, ẹyẹlé gbà á. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ wó, àwọn ọmọ ìjọ a máa dáwó. Ta ni yóò dáwó fún ilé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ kó má ní ìjọ? Ohun tí Hosking yọ kúrò kí gbogbo ènìyàn lè wọlé, òun náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró tì í.

Owó lọ́tìrì àti ti Hackney ni wọ́n fi tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2023. Wọ́n lè kọrin níbẹ̀ báyìí, kí wọ́n ṣe àfihàn, kí wọ́n ṣe ìpàdé. Kẹ̀kẹ́ òkú kì í dúró sí abẹ́ àjà olókùúta yẹn mọ́. Bí òjò bá ká ẹni tó ń rìn kiri itẹ́ mọ́, abẹ́ rẹ̀ ni yóò sá sí.