Ọ̀rọ̀ Rere Ní Í Yọ Obì Lápò

Happy Bapetsi kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin àgbà kan yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ni bàbá tó bí i. Ọmọ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń bọ́ ọ, ó ń tọ́jú rẹ̀, ọkùnrin náà sì fara balẹ̀, ó ń jẹ, ó ń sùn. Nígbà tó ṣe, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ọmọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Precious Ramotswe lọ, obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ní Gaborone, olú ìlú Botswana. Precious kò pe ọlọ́pàá, kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló yá wọ̀. Ó tọ bàbá lọ, ó ní jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bí i nìkan ló lè gbà á là, àti pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà náà pọ̀ débi pé ẹ̀mí bàbá fúnra rẹ̀ lè bá a lọ. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni bàbá Happy.

Ẹni tó bá ti ka ìtàn Sólómọ́nì àti ìyá méjì tó ń du ọmọ kan máa mọ irú ọgbọ́n tí ìyẹn jẹ́. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka ọwọ́ wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, tí irọ́ kò lè dáhùn.

Inú fíìmù tó ṣí eré The No. 1 Ladies' Detective Agency ni ìtàn yìí wà, èyí tí BBC One gbé jáde ní 23 oṣù Kẹta, 2008. Ní oṣù Kẹta 2009 ni ìpín mẹ́fà tó kù bẹ̀rẹ̀, BBC ń fi í hàn ní ìlú Òyìnbó, HBO ń fi í hàn ní Amẹ́ríkà. Méje péré ni gbogbo rẹ̀. Eré náà gba àmì-ẹ̀yẹ Peabody fún ọdún 2009, síbẹ̀ wọn kò ṣe sáà kejì. Mo ti wo ọ̀pọ̀ eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí èyí tó mọ bí èèyàn ṣe ń wọ ilé onílé tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ yé ará Ìkọ̀lé, ará Ọ̀yẹ́ àti ará Ìdó. Àṣírí wà ní gbogbo ìlú wa ní Èkìtì, láti Ìtàpá dé Ìjẹ̀ṣà-Isu, láti Ìfàkì dé Usi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀kan nínú rẹ̀ kò ní dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa béèrè ibi tí baálé ilé wà lálẹ́ àná. Ó máa kí àgbà tó jókòó síbẹ̀. Ó máa béèrè àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti èyí tó wà lẹ́yìn odi. Ó máa gba omi mu, kódà bí òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Wọ́n máa wádìí ọmọ ẹni tí òun náà jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn tó ṣe é gbà. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ tó gbé e wá tó lè jáde, nígbà náà gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà wọlé.

Bí Precious ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oníbàárà kì í tíì jókòó dáadáa tí tíì rooibos ti dé iwájú rẹ̀. Kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó wá bá a sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan ọ̀rọ̀, nítorí inú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó ọ̀rọ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Olùdarí tí kò ní sùúrù á ti gé gbogbo ìkíni wọ̀nyẹn dànù, á ní kí ìtàn máa sáré. Anthony Minghella, tó darí fíìmù àkọ́kọ́, tí òun àti Richard Curtis sì jọ kọ ọ́, kò gé wọn. Ó mọ̀ pé ìkíni ni iṣẹ́ náà. Minghella yìí ló darí The English Patient, fíìmù 1996 tó gba Oscar fún un, ìyẹn ni pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù ńlá ló jókòó ti obìnrin tó ń po tíì.

Ìwé tí Alexander McCall Smith kọ ní 1998 ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Bulawayo ni wọ́n bí i sí ní 1948, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Edinburgh, ó sì ti kọ́ni ní òfin ní Yunifásítì Botswana nígbà kan. Nínú ìtàn, màlúù ni Obed, bàbá Precious, fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Ó ta wọ́n, ó fi owó náà dá iṣẹ́ tí obìnrin kankan kò dá rí níbẹ̀ sílẹ̀. Botswana gan-an ni wọ́n ti ya eré náà. Wọ́n kọ́ ọ́fíìsì àti ilé ìtajà sí ẹsẹ̀ òkè Kgale lẹ́bàá Gaborone, ìjọba ibẹ̀ sì fi mílíọ̀nù 5 dọ́là kún owó iṣẹ́ náà. Ó hàn nínú àwòrán. Erùpẹ̀ pupa yẹn kì í ṣe erùpẹ̀ àyálò.

Jill Scott, olórin Philadelphia, ni Precious. Ó sanra, eré náà kò sì fi ìsanra rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó ń rìn bí ìyàwó ilé tó mọ iye owó tó wà nínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ya mi lẹ́nu jù ni bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló mọ̀rọ̀ sọ. Ìwọ̀nba ni ẹni tó lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kí olùwòran má sì lè gbójú kúrò lára òun. Lábẹ́ ẹ̀rín rẹ̀, ìbànújẹ́ kan wà tí kì í sábà dárúkọ: Note Mokoti, ọkọ rẹ̀ àtijọ́, tó ń fun kàkàkí, tó sì ń lù ú, àti ọmọ kan tó kú. Colin Salmon ló ṣe Note. Nítorí pé a mọ ohun tí ojú Precious ti rí, sùúrù rẹ̀ kì í ṣe ìwà òpè. Ó yàn án ni.

Ẹ wo ẹjọ́ Alice Busang. Ó fura pé ọkọ òun, Kremlin, ń yan àlè, ó sì fẹ́ ẹ̀rí. Precious fi ara rẹ̀ dẹ ẹ́, Kremlin kó sí pàkúté, ẹ̀rí wọlé. Nígbà tí Precious gbé e fún ìyàwó, dípò kí obìnrin náà dúpẹ́, Precious fúnra rẹ̀ ló bínú sí, bí ẹni pé òun ló gba ọkọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi ka eré yìí sí iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìyẹn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó máa ń dúró níbi tí òótọ́ ti hàn. Èyí béèrè ohun tí òótọ́ ń ṣe nínú ilé ẹni tó rà á. David Oyèlọ́wọ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú Òyìnbó, tó sì gbé Èkó nígbà èwe, ló ṣe Kremlin; Nikki Amuka-Bird, tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, ló ṣe Alice. Idris Elba, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Sierra Leone tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ghana, ló ṣe Charlie Gotso, ẹni tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti dárúkọ. Winston Ntshona ló ṣe bàbá èké inú ilé Happy, àgbà òṣèré South Africa tí òun àti John Kani jọ gba àmì-ẹ̀yẹ Tony ní 1975. Ipa kékeré ni, wọ́n sì gbé e fún ẹni ńlá, nítorí bí a kò bá fẹ́ràn òpùrọ́ náà díẹ̀, kò ní dùn wá nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú.

Tí ẹ bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo, n ó mú Grace Makutsi, akọ̀wé ọ́fíìsì náà, tí Anika Noni Rose ṣe. Máàkì 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà nílé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé, síbẹ̀ àwọn ọmọbìnrin arẹwà tó gba ìdajì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ó wọ awò ojú ràgàjì, ó ń dárúkọ 97 náà fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Ní Èkìtì níbí, níbi tí òbí ti ń ta kòkó àti isu rán ọmọ níwèé, kò sẹ́ni tó máa fi obìnrin yẹn ṣe ẹlẹ́yà. A mọ ẹni tó kàwé yanjú tó sì ń wá ẹni tó máa ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Rose kò bẹ̀ wá pé ká káàánú rẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán ni, ó sì tẹ ìwé.

Ẹnì kan tún wá bá wọn díje: Cephas Buthelezi, tí Paterson Joseph ṣe, ọkùnrin tó ń fi orúkọ New York halẹ̀, tó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó mọ gbogbo nǹkan tán àfi orúkọ ìyá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ní àbùkù kan tí mo rí, n kò sì ní fi pamọ́. Ará Amẹ́ríkà ni obìnrin méjèèjì tó wà nídìí eré náà. Lucian Msamati, tó ṣe Matekoni onísùúrù tó ń tún mọ́tò ṣe, ọmọ Tanzania tó dàgbà ní Zimbabwe ni. Ará South Africa ni Desmond Dube tó ṣe onídìrí BK. Ilẹ̀ Botswana wà nínú eré náà ju àwọn òṣèré Botswana lọ. Ká ní ó pẹ́ ni, bóyá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ì bá ti bọ́ sí ipò iwájú.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́. Minghella kú ní 18 oṣù Kẹta, 2008, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ọmọ ọdún 54 ni. Sydney Pollack, ẹnì kejì rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, kú ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Àwọn olùdarí mìíràn gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe é dé ojú àmì, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí wọ́n lè wọlé tọ àwọn olówó lọ kí wọ́n béèrè ọdún kan sí i ti lọ. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ onísùúrù dà bí oko kòkó, kì í so lọ́dún tí wọ́n gbìn ín. Ìpín méje yẹn, ìfìdímúlẹ̀ ni.

Ó dùn mí fún ìdí kan tó sún mọ́ ilé. Òǹkọ̀wé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fún wa ní Lápàdé nínú ìwé Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971: ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni Lápàdé, tí òun àti Tàfá Ìgírípá jọ ń fi ojú winá. Jimoh Aliu, ọmọ Òkè-Imẹ̀sí, fi Àrélù hàn wá pé eré tẹlifíṣọ̀n lè di ohun tí gbogbo ilé ń dúró dè. Títí dòní, àwọn èèyàn kò gbàgbé Fádèyí Olóró àti Òrìṣàbùnmi inú rẹ̀. Agbára àti oògùn ni ti Àrélù, ọgbọ́n àti ẹ̀ṣẹ́ ni ti Lápàdé. Ọ̀nà kẹta tí Precious là wà níbẹ̀, ó ṣófo. Ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ tíátà. N ó fẹ́ kí àwọn ọmọ náà wo ìpín méje yìí pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́, kí wọ́n ka iye ìgbà tí Precious béèrè ìbéèrè tààrà. Ó kéré sí bí wọ́n ṣe máa rò. Ọlọ́jà kan ní Ìkọ̀lé tó mọ gbogbo ìdílé láti ìran mẹ́ta lè ṣe iṣẹ́ náà lórí àpótí tó ń jókòó sí.

Ìwé tí McCall Smith kọ nípa Precious ti lé ní ogún báyìí, nítorí náà a mọ ohun tí a pàdánù. Nínú ìwé kẹfà, Makutsi lọ kọ́ ijó, wọ́n sì fi Phuti Radiphuti ṣe ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ oníṣòwò àga, tó ń kólòlò, tí kò sì mọ ẹsẹ̀ gbé. Ẹsẹ̀ Makutsi ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni Makutsi padà fẹ́. Anika Noni Rose ti gba Tony ní 2004 fún eré olórin, ó mọ orin, ó mọ ijó. Rose yìí ni ì bá máa fi ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ̀lé ọkùnrin tí kò mọ ijó, tí yóò máa díbọ́n pé kò dun òun, tí yóò sì tún dárúkọ 97 rẹ̀ fún un kí orin tó tán.