Àgbéyẹ̀wò Tíọ́rì Wiedersich, Okamoto àti Lam (1979) lórí Ìyapa Èròjà nínú Àdàlù Irin

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1979 ni Wiedersich, Okamoto àti Lam gbé tíọ́rì wọn jáde lórí bí èròjà ṣe ń yapa nínú àdàlù irin tí ìtànṣán ń lù. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí ó ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí gùn lé láti ìgbà náà. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé tíọ́rì náà mọ ọ̀nà tí èròjà ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn kò tó láti fi sọ ohun tí ó fà á.

2. Ohun tí tíọ́rì náà sọ

Bí nútírọ́ọ̀nù bá lu átọ́ọ̀mù nínú irin, ó lè lé e kúrò ní ipò rẹ̀. Àléébù méjì ni èyí ń bí: àyè òfìfo níbi tí átọ́ọ̀mù náà ti kúrò, àti átọ́ọ̀mù tí ó lọ há sáàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń pàdé, wọn a sì pa ara wọn rẹ́. Àwọn tí ó bá yè é ń rìn títí wọn yóò fi wọlẹ̀ sí ibì kan, bí ààlà hóró irin. Àyè kò lè ṣí nípò láìjẹ́ pé átọ́ọ̀mù kan bọ́ sínú rẹ̀. Bí àyè ṣe ń lọ sí ààlà ni átọ́ọ̀mù ń ti ibẹ̀ kúrò. Nínú irin aláìdípẹtà, kírómíọ̀mù a máa yára bá àyè pààrọ̀ ipò ju níkẹ́ẹ̀lì lọ. Nítorí náà kírómíọ̀mù ń dín kù ní ààlà, níkẹ́ẹ̀lì sì ń pọ̀ sí i. Ti átọ́ọ̀mù tí ó há yàtọ̀: ńṣe ni òun ń gbé èròjà wá sí ààlà.

Tíọ́rì náà tún ṣàlàyé ipa ooru. Bí irin bá tutù jù, àyè kò lè rìn dáadáa, àléébù a sì pa ara wọn rẹ́. Bí ó bá gbóná jù, àyè tí ooru fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ a pọ̀, èròjà a sì padà dàpọ̀. Láàárín méjèèjì ni ìyapa ti ń le. Iyì tíọ́rì náà nìyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dù ú.

3. Ibi tí ó kù sí

Àkọ́kọ́, ohun tí ó ń pinnu ọ̀nà tí kírómíọ̀mù yóò gbà ni ìyàtọ̀ láàárín ìdíwọ̀n méjì: bí ó ṣe yára ju níkẹ́ẹ̀lì lọ nípasẹ̀ àyè, àti bí ó ṣe yára jù ú lọ nípasẹ̀ átọ́ọ̀mù tí ó há. Àdínkù kírómíọ̀mù fi hàn pé ti àkọ́kọ́ ju èkejì lọ. Kò sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tí ó mọ èrè ọjà nìkan kò tíì mọ iye tí wọ́n rà á, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye tí wọ́n tà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìṣirò gbà pé átọ́ọ̀mù tí ó há kì í ṣe ojúsàájú, wọ́n sì ń tún iye ti àyè ṣe títí yóò fi bá àyẹ̀wò mu.

Èkejì, wọ́n mú ìyára èròjà bí ohun tí kì í yí padà, nígbà tí ìyapa fúnra rẹ̀ ń yí àyíká átọ́ọ̀mù padà. Nígbà tí Allen àti Was fi àyípadà yìí kún ìṣirò ní ọdún 1998, èsì túbọ̀ súnmọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n.

Ẹ̀kẹta, nínú tíọ́rì yìí, àyè kò lè fa èròjà tẹ̀lé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà tí ó bá fà mọ́ àyè lè bá a rìn dé ààlà.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Kírómíọ̀mù ni ó ń gba irin yìí lọ́wọ́ ìpẹtà. Nínú ríákítọ̀ olómi, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 300°C, irin lè là lójú ààlà hóró. Àdínkù kírómíọ̀mù wà lára ohun tí wọ́n kà sí okùnfà rẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun nìkan. Nínú àwọn irin oníkírómíọ̀mù mìíràn tí ètò átọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀, kírómíọ̀mù a máa pọ̀ sí i ní ààlà nígbà mìíràn, a sì máa dín kù nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá kó iye tí ó bá irin kan mu lọ sí òmíràn lè ṣi ọjọ́ orí irin náà kà. Kí wọ́n máa lo tíọ́rì náà láti fi mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi mọ iye, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹ̀rí ọ̀tọ̀ fún ipa átọ́ọ̀mù tí ó há.